Ọpọlọ Ọkọ̀ Ìyá Samsu

Ìgbà kẹta tí ọkọ̀ náà kú sójú ọ̀nà, Àwáwù kò pariwo mọ́. Ó jókòó sídìí síárìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó ń wo pápá gbígbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo koríko di pupa. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, wọ́n ń wo ọkọ̀ dúdú tó ń dán yìí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dúró.

"Màmá, ṣé ká bá yín tì í ni, àbí ká kúkú gbé e sórí ọ̀kadà?"

"Èyí tó o gùn yẹn, ṣé tìẹ ni?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbá ọ̀kadà rẹ̀, ó sì fi eruku bo obìnrin náà àti ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àwáwù gbé gíláàsì sókè pẹ̀lú ọwọ́, gíláàsì náà kò lọ. Kò sí ohun tó ń lọ nínú ọkọ̀ náà mọ́. Fèrèsé kò ṣeé tì, ilẹ̀kùn kò ṣeé kọ́, iná kò tàn, fèrè kò sì dún. Bí ọkọ̀ àwọn ará Jámánì ṣe máa ń kú nìyẹn: kì í kú díẹ̀díẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Àwáwù, òrí ló ń tà. Ìyá Samsu ni gbogbo Ṣakí ń pè é, nítorí Samsudeen, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣe olùkọ́ ní Kisi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń ra èso òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, tó ń sè é, tó ń sá a, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó títí ọ̀rá á fi léfòó. Nínú ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yìí, ó fi bí ogún gbé ẹrù lọ sí Ìbàdàn nínú ọkọ̀ akérò, abọ́ òrí kan lórí itan, òmíràn lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló san owó ọkọ̀ náà jù. Nígbà tó fi pé àádọ́ta ọdún, tó bá jókòó, á wá ohun tí yóò dì mú kó tó lè dìde.

Ọdún tí ó pé àádọ́ta yẹn gan-an ló ra ọkọ̀. Tòkunbọ̀ ni. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì dúdú, tí ó ti lo ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ ẹlòmíràn lókè òkun, tí àga rẹ̀ jẹ́ awọ, tí àga náà sì máa ń gbóná sí èèyàn ní ìbàdí téèyàn bá tẹ nǹkan kan. Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ló rà á. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní iye yẹn ì bá ra ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Wọ́n ní kí ni ẹni tó ń ta òrí ń fi ọkọ̀ àwọn gómìnà ṣe? Kò sẹ́ni tó béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń ta kású lọ́jà kan náà, tí wọ́n ń ra jíìpù.

Ràmọ́nì, ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tó dé. Ó tẹ táyà wò. Ó ní, "Ìyá Samsu, ó wuyì o. Ṣùgbọ́n ta ló máa máa tún un ṣe?"

"Mẹkáníìkì ni, Bàbá Samsu. Ṣé ẹ̀yin fẹ́ tún un ṣe ni?"

Ọkọ̀ náà sanwó ara rẹ̀ padà ní ọ̀nà tí Àwáwù kò rò. Ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ dín. Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n máa ń fi igi gún òrí rẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ó fi ìbọn pamọ́ síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní ìkíni ológun. Ní Ìbàdàn, oníbàárà rẹ̀ tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara, tó máa ń jẹ́ kó dúró sínú oòrùn títí di ọ̀sán, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá pàdé rẹ̀, á ní, "Àlàájà, ẹ wọlé, ẹ wá mu omi tútù." Òrí kan náà ni. Obìnrin kan náà ni. Àwáwù mu omi náà, ṣùgbọ́n inú ń bí i bó ṣe ń mu ún.

Ó mọ̀ pé ọkọ̀ náà yóò jẹ owó. Òyìnbó kò ṣe ọkọ̀ yẹn fún ọ̀nà tó lọ sí Ìgànná. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́dún kejì, ṣọ́ọ̀kì tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ já lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ náà sì jókòó sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Ó san án. Epo inú ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan, iye tí wọ́n ń tà á tó ti àpò sìmẹ́ǹtì bíi mélòó kan. Ó san èyí náà. Nǹkan tó rí pé ó bàjẹ́ kò dùn ún láti san owó rẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé ló ń tún un ṣe. Ọkùnrin tó tó bí ẹni ogójì ọdún ni, ó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọgbà mẹkáníìkì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn gáréèjì. Òun nìkan ló ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń kì bọ abẹ́ síárìn, tí á sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àìsàn ọkọ̀ síta. Nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kú nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn òjò ńlá kan, Jẹ́ẹ́dé kì ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́, ó wò ó, ó sì mi orí.

"Ìyá Samsu, ọpọlọ ọkọ̀ yín ló jóná."

"Ọkọ̀ ní ọpọlọ?"

"Àwọn tiwa kò ní. Tiyín ní. Láti Èkó la ó ti rí i."

Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì ẹgbẹ̀rún náírà. Lọ́jọ́ kẹrin ọkọ̀ náà jí, ó ń dún bí ológbò. Nínú oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn òjò tó kẹ́yìn ọdún, ó tún kú. Jẹ́ẹ́dé ní èyí tí wọ́n tà fún òun lẹ́ẹ̀kíní kì í ṣe ojúlówó, pé òun yóò wá ojúlówó. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún. Ọkọ̀ náà tún jí. Nísinsìnyí ó ti kú lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́jọ́ Jímọ̀ ní oṣù Kìíní, kò sì tíì pé ọjọ́ kan tí wọ́n fọ̀ ọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ náà dé ọgbà rẹ̀, Jẹ́ẹ́dé kò fi ẹ̀rọ wò ó rárá. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́. Ọkọ̀ yìí ti kú. Gbogbo wáyà inú ẹ̀ ti jẹrà. Ọkùnrin kan wà ní Kisi tó máa ń ra irú ẹ̀ láti tú u palẹ̀. Á san mílíọ̀nù kan ó lé igba ẹgbẹ̀rún. Ẹ gbà á kó tó yí ọkàn padà."

Àwáwù lọ sílé, kò sì jẹun. Ràmọ́nì jókòó tì í lórí ẹní.

"Tà á," ni Ràmọ́nì wí. "Ó ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe."

"Bàbá Samsu, ṣé ẹ rántí bí mo ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò?"

"Mo rántí. Èmi ni mo máa ń gbé ẹ sọ̀."

"Ṣé a tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ni?"

Tí òrí oṣù Kejì kò bá dé Ìbàdàn, oníbàárà náà yóò wá ẹlòmíràn, owó tó sì kù nílé kò tó ra ọpọlọ kẹta. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Àwáwù kó ìwé ọkọ̀ sínú báàgì rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó sì lọ sí ọgbà Jẹ́ẹ́dé láti lọ fọwọ́ sí i pé òun ti tà á.

Òwúrọ̀ náà tutù, ọyẹ́ sì ń gbẹ èèyàn lẹ́nu. Jẹ́ẹ́dé fún un ní àga, ó ní ọkùnrin Kisi náà kò lè wá fúnra rẹ̀, ó ti fi owó náà ránṣẹ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sí agolo mílíìkì kan tó wà lórí pátákó irinṣẹ́, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa ètè rẹ̀ tó ti là, ó sì fi èyí tó kù pa ẹ̀yìn ọwọ́. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn rẹ̀ kọjá.

Àwáwù dáwọ́ ìwé tó ń yọ jáde dúró.

"Jẹ́ẹ́dé, kí ló wà nínú agolo yẹn?"

"Òrí ni, Ìyá Samsu. Ọyẹ́ yìí mà le o."

"Gbé e wá."

"Àbí ètè tiyín náà ti là ni? Ṣé èmi ló yẹ kí n ta òrí fún yín?" Jẹ́ẹ́dé rẹ́rìn-ín, ó sì gbé agolo náà lé e lọ́wọ́.

Àwáwù gbóòórùn rẹ̀. Ó mú díẹ̀, ó fi ra àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi yọ́. Òórùn ewé tíì ni. Fún oníbàárà Ìbàdàn náà nìkan ló máa ń sẹ́ òrí lẹ́ẹ̀mẹta nínú aṣọ funfun, tí á sì fi ewé tíì sè é kó lè ta sánsán. Kò tíì ta ṣíbí kan rẹ̀ ní Ṣakí rí. Àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ gan-an, òrí lásán ni wọ́n ń mú lọ sílé.

"Níbo lo ti rà á?"

"Ní ọjà."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Ìyá mi, òrí ni! Ta ló ń béèrè orúkọ ẹni tó ta òrí?"

"Èmi ni mò ń béèrè. Kò sẹ́ni tó ń se òrí yìí ní ìlú yìí àfi èmi, èmi ò sì tà á ní ọjà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Jẹ́ẹ́dé. Ojú rẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀ dúdú náà, ó sì yára gbé e kúrò níbẹ̀. Àwáwù rí i. Ó dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì rántí láti dùn ún. Ó lọ síbi búùtù tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé pátákó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà náà ló tó rántí. Oṣù Kẹrin tó kọjá ni, nígbà tí ooru mú débi pé abọ́ ike rọ̀. Abọ́ òrí méjì ló dojú dé nínú búùtù kó tó dé Ìsẹ́yìn, òrí náà sì ti di epo. Ó nu èyí tó rí, ó ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun, ó sì gbàgbé. Èyí tí kò rí ló wà níwájú rẹ̀ yìí. Ó ti dì gbagidi sínú kòtò abẹ́ búùtù, omi dúdú sì dúró lé e lórí, àpótí dúdú kékeré kan tó kún fún wáyà sì wà láàárín omi náà. Lára òrí náà, ojú ìka mẹ́rin hàn gbangba níbi tí èèyàn ti ha á.

"Jẹ́ẹ́dé."

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

"Má ṣàlàyé. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó pe Ìdòwú lórí fóònù. Rìwáyà ni Ìdòwú, wáyà ọkọ̀ ló ń tún ṣe ní Ìsẹ́yìn, ìyá rẹ̀ sì ti ń ra òrí lọ́wọ́ Àwáwù látọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́yìn búùtù, ó sì jókòó síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yọ nǹkan. Wákàtí mẹ́rin ló fi jókòó. Jẹ́ẹ́dé bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

"Ẹ̀yin lẹ da òrí sínú ọkọ̀ olówó ńlá! Ṣé èmi ni?"

"Èmi ni mo dà á. Ṣé ìyẹn ní kó o rí i, kó o sì fi pamọ́ fún mi ni?"

Ìdòwú dé nígbà tí oòrùn ti kọjá àárín ọ̀run. Ó dojú bolẹ̀ sínú búùtù, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó sì béèrè ìwé ọkọ̀. Àwáwù fà á jáde nínú báàgì. Ìdòwú ka nọ́ńbà ṣaasí tó wà nínú ìwé náà sókè, nọ́ńbà tí ọkọ̀ méjì kì í jọ ní, ó sì ní kí Àwáwù fúnra rẹ̀ wá ka èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí dúdú náà. Ọ̀kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Màmá, ohun tí wọ́n ń pè ní ọpọlọ nìyí. Àtìgbà tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí ló ti wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ ẹ̀ rí. Tómi bá bò ó, á kú; tí wọ́n bá ti gbọ́n omi kúrò tó sì gbẹ, á tún jí."

Ó mú wáyà líle kan, ó tọ́ ọ bọ ihò kékeré kan nísàlẹ̀ kòtò náà. Ibẹ̀ ni omi máa ń gbà jáde tí òjò bá rọ̀ tàbí tí wọ́n bá fọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n òrí ti dí i. Ó gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tú wàà sórí ilẹ̀, àwọn tó wà lọ́gbà náà sì fò sẹ́yìn. Ìdòwú nu àpótí náà, ó tú u, ó sá a sínú oòrùn. Nígbà tí ìrun àṣàárì fi máa pé, ọkọ̀ náà ti ń dún bí ológbò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni Ìdòwú béèrè.

Àwáwù jókòó sínú ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó kù díẹ̀ kó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọkọ̀ yìí lé ẹni tó fi òrí rẹ̀ pa ètè lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó mú ẹjọ́ lọ bá Ògúndèjì, alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, bàbá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń rìn. Ràmọ́nì bá a lọ. Bí ogún mẹkáníìkì ló pé jọ sábẹ́ àtíbàbà.

"Jẹ́ẹ́dé, ṣé o pààrọ̀ nǹkan yìí?" ni Ògúndèjì bi í.

"Mi ò pààrọ̀ ẹ̀, Bàbá."

"Ṣé o rí òrí?"

"Mo rí i."

"Ṣé o rí ihò tó dí?"

Jẹ́ẹ́dé wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tí mo bá sọ fún wọn pé òrí ni, tí mo kó o kúrò, èló ni wọ́n máa fún mi? Wọ́n á ní àkísà lásán ni mo fi nù ún. Ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ ọkọ̀ wò, owó mi ni mo fi rà á. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sanwó ohun tá a mọ̀. Nǹkan tá a bá gbé láti Èkó nìkan ni wọ́n ń sanwó ẹ̀."

Àwọn mìíràn lábẹ́ àtíbàbà náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwáwù dìde.

"O ò bi mí!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Èmi tí mò ń ta òrí, ṣé èso tí wọ́n ṣà nínú igbó ni wọ́n ń sanwó fún ni, àbí ọwọ́ mi? Ká ní o sọ pé, 'Ìyá Samsu, òrí ló dí i, iṣẹ́ mi jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta,' mi ò ní san án? O ò bi mí wò rárá. O ti dájọ́ fún mi pé òmùgọ̀ ni mí, o wá ń gba owó òmùgọ̀. Nígbà tó sì kù díẹ̀, o fẹ́ gba ọkọ̀ náà. Ọkùnrin Kisi yẹn, kí lorúkọ ẹ̀? Pè é, ká gbọ́ ohùn ẹ̀."

Jẹ́ẹ́dé kò pe ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn sì mọ̀ báyìí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà.

"Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá Samsu," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ìyá lẹ jẹ́ sí i. Ẹ gba ìlàjì, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ìyá ta ni? Nígbà tó ń gba owó mi, ṣé ó rántí pé ìyá ni mí? Ọlọ́run kọ́ ló fún un lówó. Èmi ni."

Ràmọ́nì wú ikọ́ díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó dá gbogbo ẹ̀ padà," ló ní. "Ohun tá a bá wá nìyẹn."

Ògúndèjì dá a bẹ́ẹ̀. Ó fún Jẹ́ẹ́dé ní oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Jẹ́ẹ́dé fi odindi owó náà ránṣẹ́ láti báńkì, kò dín kọ́bọ̀. Gbogbo ilé yọ̀. Àwáwù nìkan ni kò yọ̀. Ó wo fóònù rẹ̀ pẹ́.

"Kí ló tún kù?" ni Ràmọ́nì béèrè.

"Ó ní i lọ́wọ́," ni Àwáwù wí. "Ẹ wò ó, Bàbá Samsu. Ebi kọ́ ló ń pa á. Owó mi kàn jókòó síbẹ̀ ni."

Nínú oṣù Kejì, ó háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan fún òrí, òun fúnra rẹ̀ sì wa ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, àga gbígbóná ní ìbàdí. Wọn kò tíì jáde kúrò ní Ìsẹ́yìn tí iná aláwọ̀ ọsàn kan tàn níwájú rẹ̀, apá òsì ọkọ̀ náà sì rọra jókòó sílẹ̀. Ó yà sí ọ̀dọ̀ Ìdòwú. Ìdòwú yọjú sábẹ́ rẹ̀, ó sì dìde.

"Ṣọ́ọ̀kì iwájú ni, Màmá. Rọ́bà ẹ̀ ti ya. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti àádọ́rin."

"Fi hàn mí."

"Màmá, aṣọ yín máa dọ̀tí."

Àwáwù ti ká ìró rẹ̀ sókè. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀, ó wá a títí ìka rẹ̀ fi bọ́ sínú ibi tí rọ́bà náà ti là, ó sì gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí i lọ́wọ́. Ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ọrùn ọwọ́.

"Ó dáa. Pààrọ̀ ẹ̀. Tó o bá yọ èyí tó ya, fi sínú búùtù fún mi, mò ń mú un lọ sílé."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́."

"Èmi ni mo sanwó ẹ̀, Ìdòwú," ni Àwáwù wí, ó sì lọ wá omi àti ọṣẹ.